Ẹ Má Bèèrè Ọjọ́ Orí Ọkọ̀, Ẹ Bèèrè Ẹni Tó Ń Tún Un Ṣe

Ẹni tó bá ń gun Vespa àtijọ́ nílùú Abidjan kò ní í ṣàì gbọ́ ìbéèrè kan lójoojúmọ́: ọmọ ọdún mélòó ni nǹkan yìí? Ọlọ́pàá á bi í, awakọ̀ gbaka tó dúró tì í nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á bi í, ìyá tó ń ta attiéké lẹ́bàá títì náà á bi í. Tèmi ti lé ní ọdún 30. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á wò mí bí ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tó ń ṣàìsàn. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú kì í jáde lẹ́nu wọn: ta ní ń tún un ṣe?

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè kejì yẹn ló yẹ kí ìjọba, àwọn òbí àti gbogbo àwa tí à ń ra nǹkan máa bèèrè. Ọjọ́ orí ẹ̀rọ kò tó láti fi mọ̀ bóyá ó dára tàbí ó léwu. Ọwọ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló ń pinnu ìyẹn. Ọwọ́ yẹn gan-an là ń pàdánù báyìí, láti Abidjan títí dé Èkó, a ò sì tíì ka àdánù náà sí àdánù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba Côte d'Ivoire fọwọ́ sí òfin kan tó fi ààlà sí ọjọ́ orí ọkọ̀ àlòkù tó lè wọ orílẹ̀-èdè náà. Láti oṣù Keje ọdún 2018 ni wọ́n ti ń lò ó: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó bá ti ju ọdún 5 lọ kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní "France au revoir" níbí, tí àwa ń pè ní tọ́kúnbọ̀, ni òfin náà dojú kọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ṣòro láti rí. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, UNEP, gbé ìròyìn kan jáde ní ọdún 2020. Ó ní láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké àlòkù ni wọ́n kó láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, Áfíríkà ló sì gbà jù lọ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò yẹ kó wà lójú títì mọ́. Ìjọba tó bá rí irú èyí tó sì dákẹ́ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mi ò bá òfin yẹn jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí kò sọ. Ọkọ̀ ọlọ́dún 4 tí wọn kò yí ọ́ìlì rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti dé, tí páàdì bíréèkì rẹ̀ ti jẹ tán, bá òfin mu. Èyí tó ti pé ọdún 10, tí ẹni tó ni ín ń gbé bí ẹni gbé ẹyin, kò bá a mu. Ọjọ́ orí rọrùn láti kà nítorí pé ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ìtọ́jú ni kò sí nínú ìwé kankan, ohun tí kò bá sì sí nínú ìwé, ìjọba kì í sábà rí i. Òfin sọ irú ọkọ̀ tó lè wọlé, kò sọ bí a ó ṣe máa tọ́jú èyí tó ti wà nílé. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló ń bá wí, lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀ ti tàn dé orí gbogbo ohun tó bá ní ẹ́ńjìnnì: tuntun ni rere, àtijọ́ ni ìdọ̀tí.

Vespa jẹ́ ẹ̀rọ tó lè kọ́ wa ní ohun mìíràn. Agbọ́n ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Ítálì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe é, nígbà tí bọ́ǹbù ti ba ilé iṣẹ́ Piaggio ní Pontedera jẹ́, tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú tẹ́lẹ̀ sì ń wá ohun mìíràn tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe. Enrico Piaggio gbé iṣẹ́ náà fún Corradino D'Ascanio, ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú tí kò fẹ́ràn alùpùpù rárá. Lójú tirẹ̀, alùpùpù máa ń da ọ́ìlì sí èèyàn láṣọ, ó ṣòro láti gùn, bí táyà rẹ̀ bá sì jò lójú ọ̀nà, wàhálà ni. Ó wá fi irin bo ẹ́ńjìnnì, ó ṣí àárín sílẹ̀ kí ẹni tó wọ aṣọ gígùn lè jókòó láì da ẹsẹ̀ kọjá, ó gbé jíà sí ọwọ́ òsì, ó sì fi apá kan ṣoṣo gbé táyà iwájú dúró bíi ti ọkọ̀ òfuurufú, kí èèyàn lè yọ táyà bí ẹni ń yọ ti mọ́tò. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1946 ni wọ́n forúkọ iṣẹ́ ọpọlọ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹni tó ṣe é ti ronú nípa ẹni tí táyà rẹ̀ máa jò lójú ọ̀nà kí táyà kankan tó jò.

Kì í sì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa tíṣà, nọ́ọ̀sì àti wolé-wolé tó ń gun Vespa nílẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn òmìnira. Ẹni tí kò bá gun Vespa rí pàápàá ti wọ ìbátan rẹ̀. Ní ọdún 1948, Piaggio fi ẹ̀yà ara Vespa ṣe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n pè ní Ape, èyí tó túmọ̀ sí oyin. Ní Íńdíà, ilé iṣẹ́ Bajaj bẹ̀rẹ̀ nípa gbígba àṣẹ láti máa ṣe Vespa, kó tó di pé ó ń ṣe tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tí Èkó mọ̀ láti ìgbà tí Buba Marwa jẹ́ gómìnà ológun níbẹ̀, láàárín 1996 sí 1999, àti èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní saloni, inú ẹbí yìí ni wọ́n ti jáde. Ẹ̀rọ kan rìn láti Ítálì lọ sí Íńdíà, ó wá sọ́dọ̀ wa, ó sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé dòní.

Kí ni títọ́jú rẹ̀ wá gbà? Ẹ fún mi láyè kí n sọ díẹ̀, nítorí inú ohun kéékèèké yìí ni ọ̀rọ̀ mi wà.

PX ni tèmi. Inú bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún: mílílítà 20 fún lítà kan, 100 fún lítà 5. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, písítìnnì á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Bó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, èéfín á gba àdúgbò. Jíà ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, mílílítà 250 péré, àmọ́ bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, owó ńlá ló ń jẹ. Púlọ́ọ̀gì ni ahọ́n ẹ́ńjìnnì: bó bá ní àwọ̀ ẹ̀pà yíyan, ara yá, bó bá dúdú bí èédú ìdí ìkòkò, ọ́ìlì tàbí epo ti pọ̀ jù, bó bá funfun bí eérú, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, kí ẹ tètè dúró.

Ohun mìíràn tún wà. Irin pẹlẹbẹ kan bo orí ẹ́ńjìnnì Vespa. Àwọn kan rò pé ẹ̀ṣọ́ ni, wọ́n á yọ ọ́ dànù pé kí ẹ́ńjìnnì lè rí atẹ́gùn dáadáa. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Fáànù wà lára irin tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìbòrí yẹn ló ń darí atẹ́gùn fáànù sí orí ibi tó gbóná jù. Ẹni tó bá yọ ọ́ ní Adjamé ní ọ̀sán gangan, tí ọkọ̀ kò rìn, ti dáná sun ẹ́ńjìnnì náà. Bákan náà, irin táyà rẹ̀ jẹ́ abala méjì tí nọ́ọ̀tì so pọ̀. Fọ́kánáísà tí kò mọ̀, tó tú nọ́ọ̀tì náà nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì kún inú táyà, irin lè fò mọ́ ọn lójú. Ìmọ̀ tí kò kọjá gbólóhùn kan ni, síbẹ̀ ó lè gba ojú èèyàn là.

Abidjan náà ní ìṣòro tirẹ̀. Òkun wà níwájú, ọ̀sà Ébrié wọ àárín ìlú, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje òjò kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ. Alùpùpù mìíràn ní egungun lábẹ́ ara. Vespa kò ní, ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Bí ìpẹtà bá jẹ ilẹ̀ ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé, kì í ṣe ẹwà ló bà jẹ́, ohun tó gbé èèyàn dúró ló ń jẹrà. Ọ̀dà tí wọ́n bá kùn lé ìpẹtà lórí láì kọ́kọ́ hó o kúrò, irọ́ aláwọ̀ mèremère ni.

Níbí ni mo ti fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀, nítorí a máa ń dà wọ́n pọ̀, a sì máa ń fi ọ̀kan yangàn. Ìdọ́gbọ́n yàtọ̀ sí àtúnṣe. Àwọn àjèjì fẹ́ràn láti máa yìn wá pé a mọ ọgbọ́n dá: a ń fi wáyà so èyí, a ń fi rọ́bà slípáàsì dí tọ̀hún. Àwọn ará Abidjan ní orúkọ Faransé fún un, wọ́n ń pè é ní débrouillardise, bí ẹni pé oyè ni. Ìdọ́gbọ́n dára lójú ọ̀nà lóru, ó ń gbé èèyàn délé. Àmọ́ ẹ̀rọ tó bá ń jẹ ìdọ́gbọ́n láràárọ̀ lálaalẹ́ yóò kú, ó sì lè pa ẹni tó gùn ún.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Inú ibi jíà Vespa, irin kékeré kan wà tó dà bí àgbélébùú. Òun ló ń mú jíà kọ̀ọ̀kan dání. Bí etí rẹ̀ bá ti jẹ, jíà á máa fò kúrò nígbà tí èèyàn bá fún un níná. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi, mẹ́káníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kan fún wáyà jíà, ó ní ó ti tán. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó tún fò. Ẹlòmíràn tún fún un, ó tún fò, lórí afárá, tí ọkọ̀ ńlá wà lẹ́yìn mi. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ báyìí, kò fọwọ́ kan wáyà rárá. Ó gùn ún yí ká àdúgbò, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, inú ló wà, a ó là á." Ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, ó là á sí méjì, ó yọ irin àgbélébùú yẹn, ó fi ìka mi tọ́ ọ níbi tó ti jẹ. Tuntun tó fi sí i, Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é. Níwọ̀n bó ti ṣí ẹ́ńjìnnì, ó pààrọ̀ àwọn rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó ní kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn ńlá kó má gbálẹ̀. Láti ìgbà náà, jíà kò fò mọ́.

Ọmọ Èjìgbò ni ọ̀gá yìí. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, kò rán mi níṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwa Yorùbá ní Côte d'Ivoire, àwa tí wọ́n ń pè ní Anango níbí, mọ̀ pé Èjìgbò kì í ṣe orúkọ lásán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni àwọn ará Èjìgbò ti ń rin ọ̀nà yìí. Títí dòní, bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò wá sí Abidjan, ó ń gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, èdè Faransé sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn nínú ìlú náà nílé. Òwò ni ọ̀pọ̀ mọ̀ wá mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ náà bá wa rin ọ̀nà yẹn. Ìbàdàn ni ọ̀gá mi ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti lé ní ẹni 70 ọdún.

Mo bi í nígbà kan pé, "Bàbá, ta ni ẹ ń kọ́ níṣẹ́ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ọmọ tó ń wá bá mi, bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe ni wọ́n fẹ́ kọ́. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Èmi náà ì bá lọ ká ní mo kéré." Ó ń múra láti padà sílé. Ọjọ́ tó bá wọ bọ́ọ̀sì yẹn, ohun tó mọ̀ nípa títẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, tí ó lé ní 50 ọdún, á bá a lọ, kò sì sí ojú ewé kan tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ohun tó ń dun èmi nìyẹn, mo sì gbà pé ó yẹ kó dun ẹni tí kò fẹ́ràn Vespa rárá. Ẹni tó lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín jíà tó jẹ àti wáyà tó tú lè gbọ́ àìsàn ẹ̀rọ omi, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn òyìnbó ti ń mọ iyì rẹ̀: ní ọdún 2024, Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin tó fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, fíríìjì, fóònù àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn bẹ́ẹ̀ máa tún wọn ṣe. Àwọn tó ti fi ìdí ẹnu àtúnṣe gbọ́n-ọ́n dànù ń fi òfin wá a padà. Àwa tí a kò tíì sọ ọ́ nù là ń fi ojú tálákà wò ó. Onígbá ló ń pe igbá rẹ̀ ní pàǹkàrà kí wọ́n tó bá a fi kólẹ̀.

Ẹ rántí oṣù Kẹfà ọdún 2022 ní Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ńlá tẹ ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n gbà pẹlẹbẹ lójú ayé. Ẹ jẹ́ ká fi àríyànjiyàn òfin náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: mélòó nínú àwọn alùpùpù yẹn ni a lè gbé fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí àwọn ọmọ máa tú wọn, kí wọ́n máa tò wọ́n padà? Ibi tí ìjọba ti rí ìdọ̀tí, tíṣà gidi ì bá ti rí ìwé kíkà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì Vespa àtijọ́ ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, èéfín rẹ̀ sì ń pani lára. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá mọ Cotonou nígbà tí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kún abẹ́ àwọn zémidjan mọ bí ojú ṣe ń ta èèyàn lálẹ́. Mi ò sọ pé kí gbogbo Abidjan máa gun Vespa. Bí gbogbo wa bá gùn ún, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sá. Bíréèkì rẹ̀ náà kò lágbára bíi ti òde òní, èèyàn gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: èyí tí wọ́n po ọ́ìlì rẹ̀ bó ṣe yẹ, tí kabúrétọ̀ rẹ̀ mọ́, kì í rú èéfín bíi ti èyí tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò. Àìbìkítà ló ń fi kún èéfín, ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n bá pa tì á sì rú tirẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ọ̀la ti dé, alùpùpù oníná ni ká máa sọ. Mo gbà. Ní Cotonou àti Lomé, alùpùpù oníná ilé iṣẹ́ Spiro ti wà lójú títì. Bátìrì bá tán, wọ́n á gba èyí tó kún ní ibùdó. Kò rú èéfín, kò pariwo, inú mi dùn sí i. Ìbéèrè mi kò yí padà: ta ní ń tún un ṣe? Ta ló láṣẹ láti ṣí i? Ṣé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní Porto-Novo lè rí ìwé àlàyé rẹ̀ kà? Bí ìdáhùn bá dára, ẹ̀rọ náà á bá wa dàgbà. Bí kò bá sì sí ìdáhùn, ọdún 5 sí i, òkìtì mìíràn la ó máa tẹ̀ pẹlẹbẹ.

Wọ́n tún máa ń bi mí léèrè pé kí ni obìnrin tó gba máástà ń wá nídìí sípánà. Wọ́n á ní, "Ṣé torí èyí lo ṣe kàwé?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni àìsàn wa. A ti kọ́ àwọn ọmọ pé ìwé ni kí ọwọ́ má bàa dọ̀tí. Síbẹ̀, ìwé àti ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sandra Aguebor dá ẹgbẹ́ Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2004, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìdajì àwọn ọmọ wa ni obìnrin. Ìlú tó bá lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìka.

Kí ni ká wá ṣe? Mo ní àbá mẹ́ta, kò sí èyí tó ju agbára wa lọ nínú wọn.

Èkíní, kí àyẹ̀wò ọkọ̀ máa wo ìtọ́jú, kì í ṣe ọdún nìkan. Bí dókítà ṣe ń kọ ìwé fún aláìsàn, kí mẹ́káníìkì tó ní ìwé ẹ̀rí máa kọ ohun tó ṣe sínú ìwé kékeré kan tó ń bá ọkọ̀ tàbí alùpùpù rìn. Ẹni tó ń fún wáyà láti tàn wá jẹ á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fọwọ́ sí i.

Èkejì, kí a tún ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ wa ṣe. Ètò náà dára: ọmọ á lo ọdún bíi 3 tàbí 4 lọ́dọ̀ ọ̀gá, òbí á se oúnjẹ, ọ̀gá á gbàdúrà, ọmọ á gba fíríìdọ̀m. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwọn ọ̀gá kan ń fi ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, wọ́n ń fọ aṣọ, wọ́n ń pọn omi, ìgbà tó bá kan ibi tí ọgbọ́n wà, ọ̀gá á rán wọn lọ ra búrẹ́dì. Kí wọ́n kọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ sílẹ̀, kí ẹni mìíràn tó yàtọ̀ sí ọ̀gá dán an wò. Nàìjíríà ní ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí à ń pè ní trade test, Côte d'Ivoire ní Chambre Nationale de Métiers. Ìwé ẹ̀rí tí ọmọ gbà ní Ìbàdàn kò yẹ kó di bébà lásán tó bá sọdá ẹnu ibodè Noé.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ ìmọ̀ náà sílẹ̀ ní èdè tí àwọn tó ń lò ó ń sọ. Ìwé àlàyé Vespa wà ní èdè Ítálì, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ohun tí ọmọ Ìbàdàn ń pè ní púlọ́ọ̀gì, ọmọ Yorùbá tó kọ́ṣẹ́ ní Adjamé ń pè é ní bougie. Kílọ́ọ̀ṣì ti tọ̀hún ni embrayage ti ibí. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́, wọ́n kàn nílò ẹni tí yóò jókòó tì wọ́n pẹ̀lú bírò. Àwa tí a kàwé, tí à ń kọ àpilẹ̀kọ bí irú èyí, iṣẹ́ wa ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá mi: ní ọjọ́ Sátidé méjì nínú oṣù, mo ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, mo sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé bẹ́rìnnì ń sunkún. Ìdí tí a kì í fi wáyà gún ihò kabúrétọ̀, ẹ̀fúùfù nìkan la fi ń fọn ọ́n, nítorí bí ihò náà bá gbòòrò díẹ̀, ìwọ̀n epo ti dàrú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ní Lomé, ní Cotonou, ní Èkó àti ní Abidjan, bóyá ọ̀gá kan wà ní àdúgbò yín tí orí rẹ̀ ti funfun, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ju abẹ́ igi kan lọ. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń tún rédíò ṣe, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, tàbí àgó. Ẹ gbé ìjókòó, ẹ bi í léèrè bó ṣe mọ ohun tó mọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́. Bí ọmọ yín bá wà nílé lásìkò ìsinmi, ẹ mú un dání.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tuntun pọ̀ lọ́jà, a sì ń rà á. Àkísà yẹn, tí í ṣe ohun tí ojú ti rí àti ohun tí ọwọ́ ti mọ̀, ọjà kankan kò tà á. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní in la ti ń gbà á, nígbà tó bá ṣì wà láàyè.